“Iṣẹ́ pínpín” kò lè dúró: lórí “pín”, “àjọlò” àti “àgbàṣe”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo kí yín. Gbólóhùn tí arákùnrin wa fi ṣọwọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ó ní òun ṣe é láti túmọ̀ “shared services” ti Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé tí káńsù kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ pín fún àwọn oníṣòwò tó ń tajà fún un, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn: “A ti gbé ẹ̀ka ìgba-ohun-ìlò wa lọ sọ́dọ̀ olùpèsè iṣẹ́ pínpín.” Ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kò sì lè gbà á wọlé.

“Pín” ló dùn mí jù. Ohun tó wà lódindi ni à ń pín, bí a bá sì ti pín in tán, kò sí lódindi mọ́. Ẹni tó pín ogún, yálà ní ìdí-igi ni o tàbí ní orí-ò-jorí, ti fi ti oníkálukú lé e lọ́wọ́, olúwarẹ̀ sì lè gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka ìrajà yìí, èyí tí arákùnrin wa pè ní “ìgba-ohun-ìlò”, yàtọ̀ pátápátá: ńṣe ni àwọn káńsù kó ohun tó wà káàkiri jọ sójú kan, kí òṣìṣẹ́ kan náà lè máa bá gbogbo wọn ra bébà, àga, epo ọkọ̀ àti oúnjẹ ilé ìwé. Báwo ni “pín” ṣe wá di orúkọ ohun tí a kó jọ? “Share”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìtumọ̀ méjì, kí a pín nǹkan tàbí kí a jọ lò ó, ló ṣi arákùnrin wa lọ́nà, èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ náà mu ló sì mú.

Ewu rẹ̀ ju ti gírámà lọ. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń se oúnjẹ fún ìpàdé káńsù, tó rí i kà pé olùpèsè iṣẹ́ pínpín ti dé. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pínpín iṣẹ́ ní ìlú wa? Ìyá yẹn á ní ọ̀gá kan ti wà tó ń pín kọ́ńtíráàtì fún àwọn èèyàn rẹ̀, á sì máa wá ẹni tí yóò mú òun mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ kí ìpín-mú má baà wáyé gan-an ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ka ìrajà sílẹ̀: wọn a kéde tẹ́ńdà, wọn a fi òdiwọ̀n kan náà wọn gbogbo ẹni tó bá fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́, wọn a fún ẹni tó yege ní ìwé àṣẹ tó ní nọ́ńbà, wọn kò sì ní sanwó àyàfi tí nọ́ńbà yẹn, ọjà tó dé àti ínfọ́ìsì, ìwé tí ọlọ́jà fi ń béèrè owó rẹ̀, bá bára mu. Ínfọ́ìsì tí kò ní nọ́ńbà, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà.

N kò ní pẹ́ lórí “ìgba-ohun-ìlò”. Ẹni tó gbà kọ́ ló rà. Owó ará ìlú ni káńsù fi ń rajà, ó yẹ kí “rà” hàn nínú orúkọ ẹ̀ka náà. Ẹ̀ka ìrajà ti tó.

Kí wá ni a ó fi rọ́pò “pínpín”? Ó ti wà nílẹ̀. À ń sọ àjọṣe, àjọgbé, àjọbí. Àwọn àgbà sì ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá “àjọlò”. Ẹnìkan nínú wa ti gbà á, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ ní “ajọlò”, ó sì ní àmì orí “a” kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. “A” olóhùn àárín, olùṣe ló ń tọ́ka sí: apẹja, akọrin, agbaṣẹ́ṣe. “À” olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí a ṣe ni: àjẹkù, àkójọ, àgbàṣe. Ajọlò ni àwọn káńsù fúnra wọn. Àjọlò ni ohun tí wọ́n jọ ń lò. Bí a bá yọ àmì yẹn, a ti sọ pé káńsù gbé iṣẹ́ lọ fún ara rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní èdè kì í ka ìwé tí kò lámì. Ńṣe ló ń dá a padà fún wa láìwo ojú ìwé kejì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Ìyá wa nínú ẹgbẹ́ yìí dábàá “àáró”. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí n kò tó wọn í kọ́. Àáró dùn-ún gbọ́, ó sì jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n àáró kì í gbowó: lónìí a ro oko tìrẹ, lọ́la a ro tèmi, ọwọ́ la fi ń san ọwọ́. Olùpèsè tí à ń sọ yìí ń gbowó lọ́wọ́ káńsù.

Owó yìí ló mú mi dé ibi tí mo ń lọ, nítorí “àjọlò” pàápàá kò bá gbogbo rẹ̀ mu. Ní 2014, káńsù Havering àti Newham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kó ìrajà àti àwọn iṣẹ́ inú ọ́fíìsì mìíràn tí ará ìlú kì í rí sábẹ́ oneSource, tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Àjọlò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2007, káńsù Somerset àti ti Taunton Deane bá IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà aládàáni, dá Southwest One sílẹ̀ fún ọdún 10. Ọlọ́pàá Avon àti Somerset sì wọ inú rẹ̀. IBM ló ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n yá ilé iṣẹ́ náà ní òṣìṣẹ́ káńsù, ìrajà sì wà lára ohun tí wọ́n gbé fún un, pẹ̀lú ìrètí pé yóò bá wọn dín owó ọjà kù gan-an. Owó tí wọ́n fojú sọ́nà fún kò wọlé tó, aáwọ̀ lórí ìrajà di ti agbẹjọ́rò, ní 2013 káńsù Somerset sì gbà láti san mílíọ̀nù 5.9 pọ́n-ùn kó lè parí. Ní 2016, àdéhùn káńsù Somerset dópin kí àkókò rẹ̀ tó pé. Bí ẹnìkan bá pe èyí ní àjọlò, ó fi orúkọ dáadáa bo ẹni tó ni ín mọ́lẹ̀. Àgbàṣe ni, iṣẹ́ tí a gbé fún ẹlòmíràn kó máa bá wa ṣe é gbowó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èyí ti pọ̀ jù fún gbólóhùn kan. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tajà fún káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀, ní èdè abínibí rẹ̀, bóyá káńsù ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ tàbí ẹni tó ń wá èrè.

Ní ti àwọn tó ń jà pé “ìgbìmọ̀ ìlú” ni kí a kọ dípò “káńsù”, n kò ní dá sí i lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńsù ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè é.

Kí arákùnrin wa jọ̀wọ́ dá wa lóhùn kí ìwé náà tó jáde: ta ló ni olùpèsè ọ̀hún? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn káńsù ni, kí ó kọ “A ti gbé ẹ̀ka ìrajà wa lọ sí iléeṣẹ́ àjọlò tí àwa àti àwọn káńsù mìíràn jọ dá sílẹ̀.” Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, kí ó kọ “A ti gbé iṣẹ́ ìrajà wa fún agbaṣẹ́ṣe,” kí ó sì dárúkọ rẹ̀.