Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣètò àpéjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sinimá rí, kí lojú yín rí?

Gbọ̀ngàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá olùsọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá jókòó síwájú yín, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni kí wọ́n máa wá àléébù inú àwòrán àti ohùn. Àwòrán bàìbàì tí ẹlòmíràn á gbójú fò, òun gan-an làwọn èèyàn wa á máa sọ títí àpéjọ á fi parí.

Nígbà tí wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń wá ibi ìpàdé, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló wu gbogbo èèyàn, torí àlejò á sùn síbẹ̀, á jẹun síbẹ̀, kò ní máa wọkọ̀ kiri. Gbọ̀ngàn náà fẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé àjà ò ga, iná onígíláàsì ràgàjì kan tún so rọ̀ láti ara rẹ̀. Mo bá yọ téèpù. Àwòrán scope (irú àwòrán sinimá tó fẹ̀ gan-an), ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.39 gíga rẹ̀, nítorí náà síkírìn tó bá fẹ̀ tó mítà 10 á ga ju mítà 4 lọ. Ẹ wá gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá orí àwọn tó jókòó níwájú, kẹ́ ẹ sì wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ projector á gbà láì kọ lu gíláàsì. Kò ṣeé ṣe. Máníjà ní àwọn báńkì kan ti ṣèpàdé níbẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni ò ráhùn. Mo ní, "Ọ̀gá, nọ́ńbà ni wọ́n wá kà."

A wá pín in sí méjì: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́jà ní òtẹ́ẹ̀lì, ìfihàn àwòrán ní ilé sinimá tèèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ilé sinimá ti ní ògiri dúdú, wọ́n ti ṣètò ohùn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú síkírìn sì ti wà ní candela (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 48 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, bí ìlànà sinimá dìjítà ṣe là á sílẹ̀. Òwúrọ̀ la gbà á, kí òǹwòran tiwọn tó dé, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ká gbé síkírìn tuntun wá sí gbọ̀ngàn lọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú pé èrò á ṣáko lọ láàárín ibi méjèèjì. Díẹ̀ ṣáko lóòótọ́. Mo ṣì fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ti inú oòrùn wọlé, ó lè tó 20 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òkùnkùn tó mọ́ ojú rẹ̀ lára dáadáa. Ẹ jẹ́ kí olùsọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú iná rírẹlẹ̀, kí àwòrán tó ṣókùnkùn jù wá kẹ́yìn.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Ìdí ẹ̀rọ ìfihàn lèmi wà, wàhálà tèmi ni kọ́kọ́rọ́. Fíìmù tí wọ́n bá tì sínú DCP (àkójọ fáìlì tí wọ́n fi ń gbé fíìmù wá sí ilé sinimá) kì í ṣí láìsí KDM (fáìlì tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀), KDM ọ̀hún sì ní server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù jáde) tó wà fún, ó ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Olùsọ̀rọ̀ kan mú tiẹ̀ wá, wákàtí tó máa sọ̀rọ̀ nìkan ló bá mu. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la fẹ́ dán an wò, server kọ̀ jálẹ̀. Ta ló ń fi nǹkan han onímọ̀ ẹ̀rọ láì dán an wò? Àwọn tó ṣe kọ́kọ́rọ́ náà sì ti lọ sùn lọ́dọ̀ tiwọn. Ní báyìí, kí n tó gba fáìlì ẹnikẹ́ni ni mo ti ń fi certificate server (fáìlì ìdánimọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́) ránṣẹ́, mo sì ń kọ ọ́ gbàgàdà pé kí kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Tí ilé sinimá bá wá pààrọ̀ server láì sọ fún yín, gbogbo ẹ̀ di òfo nìyẹn.

*

Ohùn ńkọ́? Nǹkan bíi mítà 343 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, férémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú fíìmù) 24 ló sì ń kọjá láàárín àkókò yẹn. Ẹni tó bá jókòó ní mítà 14 sí sípíkà, ohùn ti fi bíi férémù kan pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ wa kan fẹ́ fi hàn bí ètè àti ohùn ṣe ń yà síra. Àwọn ará iwájú ní àwọn rí i, àwọn ará ẹ̀yìn ní irọ́ ni. A sàmì sí ìlà àga tí gbogbo wọn máa jókòó sí, ariwo bá rọlẹ̀.

*

Mo gbà fún yín lórí gbọ̀ngàn, àmọ́ ẹ ń gbàgbé ìdí táwọn èèyàn yìí fi ń pàdé. Lọ́dún 1916 tí C. Francis Jenkins, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ sinimá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n tá a mọ̀ sí SMPTE lónìí sílẹ̀ (1950 ni tẹlifíṣọ̀n tó wọnú orúkọ náà), ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ gbogbo èèyàn á lè tẹ̀ lé ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ yẹn ò tíì tán. Yàrá kékeré tí ìgbìmọ̀ ìlànà á ti máa jiyàn lórí gbólóhùn kan láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ tètè gbà á. Níbi tí mo ti bá wọn ṣètò, àwọn ọlọ́jà tó ń sanwó ni wọ́n kó yàrá fún, àwọn ìgbìmọ̀ wá ń ṣèpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ̀ǹpútà lórí itan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà wọ aṣọ olùwádìí gun pèpéle. Kí èèyàn méjì ka àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan láì mọ ẹni tó kọ ọ́. Síbẹ̀, àwọn kan á yọ́ wọlé. Ẹnì kan ṣèlérí àlàyé lórí projector oní-laser, iye owó rẹ̀ ló ń kà sí wa létí. Alága ìjókòó gbọ́dọ̀ lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá fi ọmọ tó ń tijú síbẹ̀, wọ́n á pàtẹ títí àkókò oúnjẹ á fi kọjá.