Aago ló yàtọ̀, àkókò kò yàtọ̀: èrò mi lórí "time zone", "convert" àti "format"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ti ka àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó jẹ mọ́ ọjọ́ àti aago. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ká máa pe time zone, ìyẹn agbègbè tí gbogbo aago rẹ̀ bára mu, ní "ẹkùn àkókò". Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní "sàkání àkókò" ló dùn ún lẹ́nu jù. Ẹnì kẹta ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká kọ ọ́ ní "táìmù sóònù", ká sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wá fẹnu kò pé "ìyípadà ọjọ́" ti tó fún convert (yíyí aago ibì kan sí ti ibòmíràn) àti format (bí ọjọ́ ṣe ń hàn lójú) pa pọ̀, pé ojú kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń wo ẹni tó jókòó ti àtẹ ìṣirò (spreadsheet, bíi Excel).

Ibi tó kẹ́yìn yẹn ni mo ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo túmọ̀ ìwé ìlànà kékeré kan nígbà kan fún àwọn tó ń ṣètò ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí òyìnbó ti kọ convert, mo kọ "yí ọjọ́ àti aago padà". Níbi tó ti kọ format, mo tún kọ "yí ọjọ́ àti aago padà". Mo rò pé mo gbọ́n. Akọ̀wé kan wá gba àtẹ kan tí wọ́n fi aago UTC kọ, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n tiwọn, wọ́n ní kó yí i sí aago Tokyo. Ó ṣe ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́: ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrísí, ó yan bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ ní Japan, òpó (column) ọjọ́ náà sì yí padà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ọdún bọ́ síwájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Ó kọ "aago Tokyo" sí orí òpó náà, ó fi ránṣẹ́. Àwọn tó wà ní Tokyo wọlé sípàdé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn, wọn ò bá ẹnì kankan. Wákàtí mẹ́sàn-án ṣì kù kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè bá akọ̀wé yẹn wí, ọ̀rọ̀ mi ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká yọjú wo inú àpótí (cell) kan nínú àtẹ náà. Ohun tó hàn níta ni 15/03/2025 18:00. Ohun tó wà nínú ni 45731.75, nọ́ńbà lásán. Apá iwájú nọ́ńbà yẹn ni iye ọjọ́: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Excel pè ní 1, ó sì ń kà á bọ̀ láti ibẹ̀. Apá ẹ̀yìn àmì ni ìdá ọjọ́: 0.5 ni ọ̀sán gangan, 0.75 ni aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan sì jẹ́ 1/24. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní 2025-03-15, bí ẹ kọ ọ́ ní "Sátidé, 15 March", bí ẹ fi aago méjìlá-méjìlá kọ ọ́, bí ẹ fi aago mẹ́rìnlélógún, 45731.75 náà ló jókòó síbẹ̀, kò mira. Ìyẹn ni format. Ṣùgbọ́n kí aago UTC tó di ti Tokyo, ẹ ní láti fi wákàtí mẹ́sàn-án kún un, ìyẹn =A2+9/24 (A2 ni àpótí tí aago náà wà), nọ́ńbà á sì di 45732.125: aago mẹ́ta òru, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọjọ́ gan-an ti yí. Ìyẹn ni convert.

Ká fi iṣẹ́ tiwa wé e. Format dà bí ìgbà tí èèyàn méjì da lẹ́tà kan náà kọ, tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn yàtọ̀. Convert dà bí ìgbà tí a túmọ̀ lẹ́tà náà sí èdè mìíràn: ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá, ohun tí à ń sọ ò yàtọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ UTC àti aago mẹ́ta òru Tokyo, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ń dárúkọ. Nítorí náà, àbá tèmi ni "ìtúmọ̀ aago" fún convert, "ìrísí ọjọ́" fún format: túmọ̀ aago sí ti Tokyo, ṣètò ìrísí ọjọ́. Ẹnì kan lè sọ pé túmọ̀ tún jẹ́ "ṣàlàyé". Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ bí a bá ní "túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé", kò sẹ́ni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ti gbìyànjú "ìmúra ọjọ́" fún format rí. Gbogbo ẹni tó kà á ló bi mí pé ayẹyẹ wo la fẹ́ ṣe.

Ká wá bọ́ sórí time zone. Mo fara mọ́ "ẹkùn", mi ò fara mọ́ "àkókò". Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: "Aago mélòó ló lù?" là ń béèrè, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé àkókò mélòó ló lù. Aago, tó jẹ́ agogo náà, ni ohun tó ń lù níbì kan, tí ẹni tó wà níbòmíràn lè má gbọ́. Àkókò ni ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kò sì ní ibùgbé. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, àkókò kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ayé, aago ara ògiri kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní ju time kan lọ fún méjèèjì, ìyẹn ló sì ń da àwọn fúnra wọn láàmú. Kí ló dé tí a ó fi ra ìdààmú wọn nígbà tí èdè wa ti là á? Nítorí èyí náà ni mi ò ṣe fẹ́ táìmù sóònù. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Wákàtí tí a ń fi ṣakọ yìí, ilé Lárúbáwá ló ti wá.

Sàkání ńkọ́? Sàkání ò ní ààlà. "Ó wà ní sàkání ibẹ̀" ni à ń sọ bí ibi tó wà gan-an ò bá dá wa lójú. Time zone ní ààlà, òfin ìjọba ló sì pa á. Bí ti oòrùn nìkan ni, China ìbá ní aago bíi márùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò. India fi wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ṣáájú UTC, Nepal tó bá a pààlà fi wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ṣáájú. Oòrùn kọ́ ló ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Bí a ṣe ń sọ ẹkùn ìdìbò náà ni ká máa sọ "ẹkùn aago". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn o, kó má di ẹkún aago. Ti ẹranko náà ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn ò ní àtúnṣe.

Offset, ìyẹn iye wákàtí tí aago ibì kan fi yàtọ̀ sí UTC, ni mo rò pé Yorùbá ti ní oúnjẹ rẹ̀ lórí iná kí òyìnbó tó dé. Ètò ìṣirò wa, lé àti dín ni. Ẹkùn aago Tokyo fi mẹ́sàn-án lé, ti New York fi márùn-ún dín. Àbúrò wa ti dábàá "àlédín". Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, àlè ni ojú àwọn kan máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀, nínú ìwé ìlànà ibi iṣẹ́. "Ìlédín" ni kí a mú: ìlédín Tokyo jẹ́ lé 9, ìlédín New York jẹ́ dín 5. Ó tún wúlò nínú fọ́múlà, torí pé dín ló máa ń fa wàhálà. Bí aago nìkan bá wà nínú àpótí láìní ọjọ́, bíi aago mẹ́ta òru, tí ẹ wá yọ wákàtí márùn-ún kúrò, ó di òdì, Excel á sì kun àpótí náà ní #####. =MOD(A2-5/24,1) ló ń dá a padà sí aago mẹ́wàá alẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé alẹ́ àná ni.

Mo sọ pé dín 5. Nígbà mìíràn, dín 4 ni, èyí sì mú wa dé ọ̀dọ̀ daylight saving time, ìyẹn wákàtí kan tí àwọn ìlú kan ń fi kún aago wọn fún apá kan nínú ọdún. Wọ́n ti dábàá "aago ẹ̀ẹ̀rùn". Mo bẹ̀ yín, ká jù ú nù. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń wọlé sọ́dọ̀ àwa, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń dá aago tiwọn padà. Ẹni tó bá gbọ́ "aago ẹ̀ẹ̀rùn" á fi kún ibi tó yẹ kó ti yọ. "Aago àsún" ni tèmi, torí pé wọ́n sún un ni: síwájú ní ìgbà kan, sẹ́yìn ní ìgbà kejì. Ọjọ́ tí wọ́n ń sún un ò tún bára mu. Ní ọdún 2025, New York sún tiwọn síwájú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, London ní ọgbọ̀njọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ló wà láàrin àwọn méjèèjì, kì í ṣe márùn-ún tí gbogbo èèyàn há sórí. Fọ́múlà tí wọ́n kọ 5 sínú rẹ̀ ò mọ ìyẹn. Àpótí àtẹ ò tọ́jú ẹkùn aago kankan síkùn, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Àtẹ Google ní ẹkùn aago tí ẹ lè yàn fún odindi fáìlì, tí NOW() àti TODAY(), fọ́múlà aago ìsinsìnyí àti ọjọ́ òní, ń tẹ̀ lé. Kì í túmọ̀ aago tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún ìlédín ní òpó tirẹ̀, kí fọ́múlà máa wò ó níbẹ̀.

Lórí timestamp, ìyẹn àmì tó ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, "òǹtẹ̀ àkókò" tí ẹ̀gbọ́n mú wá dára, ibí yìí gan-an sì ni àkókò ti bá a mu. Òǹtẹ̀ Unix, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń sàmì àkókò, ò ní ẹkùn aago. Iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ní UTC ni. Ẹ fi 86400 pín in, ẹ fi 25569 kún un, ó di ọjọ́ inú àtẹ.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún lórúkọ. Bí ẹ bá gba 03/04/2025 láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò ní ti Amẹ́ríkà á gbà pé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni, kò ní béèrè. Nígbà tó bá dé 13/04/2025, kò sí oṣù kẹtàlá, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìdajì òpó ti ṣìnà láìdún, ìdajì kejì ò tilẹ̀ ì di ọjọ́. Àmì tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé ọjọ́ tòótọ́ ń rọ̀ sápá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ lásán ń rọ̀ sápá òsì. Iṣẹ́ tí fọ́múlà DATEVALUE ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ìtúmọ̀, kì í ṣe ìrísí. "Kíkà ọjọ́" ni mo pè é: kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀, ó mọ̀ ọ́n ní ọjọ́, tàbí kó ṣì í kà.

Kíkà tún mú mi rántí pé bí a ṣe ń ka ọjọ́ yàtọ̀ sí ti àtẹ. Àwa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìtàdógún fi ń jẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́nu, tí àtẹ á sì kà á sí mẹ́rìndínlógún. Bí àtẹ bá yọ ọjọ́ kan kúrò nínú èkejì, kì í ka ti ìbẹ̀rẹ̀. NETWORKDAYS, fọ́múlà tó ń ka ọjọ́ iṣẹ́, ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bíi tiwa. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà gbangba, ká má fi sílẹ̀ fún "láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí".

Fún AM àti PM, CLDR, àkójọ tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń gba ọ̀rọ̀ èdè kọ̀ọ̀kan, fi Àárọ̀ sí ọ̀kan, Ọ̀sán sí èkejì. Aago mẹ́wàá alẹ́ wá ń jáde ní "10 Ọ̀sán", aago méjì òru ní "2 Àárọ̀". Mo ní ká lo aago mẹ́rìnlélógún nínú àtẹ, kí a fi ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti òru sílẹ̀ fún ìkésíni tí èèyàn máa kà. Níbẹ̀ la ti ní ohun tí òyìnbó ò ní: aago mẹ́ta òru Tokyo yẹn, ẹ kọ ọ́ ní "òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú", kò sẹ́ni tó máa ṣi ọjọ́ wá.

Nípa àbá tó ní ká fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò dd/mm/yyyy: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọọ/oo/ọọọọ. Èmi ò lè ka ìyẹn láìrẹ́rìn-ín. Tiwọn náà ò mọ́ pátápátá, mm kan náà ni wọ́n fi ń pe oṣù àti ìṣẹ́jú, Excel ń wò ó bóyá h ló ṣáájú rẹ̀ tàbí s ló tẹ̀ lé e kó tó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi dd/mm/yyyy sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti ń tún ìwé ìlànà mi kọ pẹ̀lú "ìtúmọ̀ aago" àti "ìrísí ọjọ́". Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣì dúró lórí "ẹkùn àkókò", ẹ fún mi ní gbólóhùn kan tí "ẹkùn aago" ò ti lè gba ipò rẹ̀.