Àpò oyún wà, ọlẹ̀ kò sí: ṣé kí n dúró, àbí kí wọ́n fọ inú mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti ẹ̀yin ìyá tí irú èyí ti ṣe rí.

Bí a bá kà á láti ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Scan tí wọ́n ṣe láti ojú ara fi hàn pé àpò oyún wà nínú ilé ọmọ, ó fẹ̀ tó 16 mm, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kódà, àpò kékeré tó máa ń ṣáájú ọlẹ̀ yọ kò sí níbẹ̀. Dókítà ní kí n wá fọ inú.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé nǹkan oṣù mi máa ń pẹ́. Ó lè tó ogójì ọjọ́ kó tó yí po. Ṣé oyún náà kò kéré sí bí a ṣe kà á ni? Ohun tí mo sì kà ni pé àpò gbọ́dọ̀ tó 25 mm láìsí ọlẹ̀ kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oyún náà ti bàjẹ́. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HCG, ìyẹn èròjà tí oyún máa ń mú wá sínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì: ó ń gòkè, àmọ́ kò yára. Ẹ̀jẹ̀ kò dà, inú kò run mí. Ìyá ọkọ mi ti gbé àgbo dé, mi ò tíì fẹnu kàn án.

Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ mélòó ló yẹ kó wà láàárín scan yìí àti èkejì kí èsì rẹ̀ tó ṣeé gbára lé? Àmì wo ni mo máa rí tí mi ò fi ní dúró dé ọjọ́ náà?