Ara yíyún abẹ́ ọyàn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ó ti sú mi. Ìgbà kẹrin rèé láàárín ọdún kan tí abẹ́ ọyàn mi àti àárín itan mi yóò pọ́n, tí yóò máa rin, tí yóò sì máa yún mi bí ẹni tí ó fara kan wèrèpè. Dókítà ní Candida, kòkòrò àìfojúrí kan, ni ó fà á, ó kọ ìpara clotrimazole fún mi, ó sì lọ, ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ó tún fi padà. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni ó dùn mí jù. Ó ní n kì í wẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń wẹ̀ lójúmọ́, ọṣẹ apakòkòrò ni mo sì ń lò. Ó tilẹ̀ ti kó lọ sí yàrá kejì, ó ní dídìde tí mò ń dìde lóru kì í jẹ́ kí òun sùn. Kí ni mo lè lò tí yóò fi lọ pátápátá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ó ṣe èmi náà nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì, n kò lè gbé apá sílẹ̀. Òógùn ni ó ń fà á. Ẹ máa nu abẹ́ ọyàn gbẹ dáadáa, kí ẹ sì máa wọ aṣọ òwú.

Àkàndé: Ẹ da clotrimazole yẹn nù. Ìpara kan wà tí ó jẹ́ oògùn mẹ́ta nínú ọ̀pá kan. Ọjọ́ méjì péré ni ó fi pa tèmi.

Apòògùn: Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ẹnikẹ́ni. Irú ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní betamethasone tàbí clobetasol nínú, èyí tí í ṣe steroid. Ó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà lè máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀, awọ ibi tí ara ti ń fara kan ara yóò sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Arábìnrin, ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ń lo clotrimazole náà?

Àkàndé: Tèmi kò padà. Kí ni ẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Olùbéèrè: Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà tí kò bá yún mi mọ́, kí ni mo tún ń fi oògùn pa? Mo mọ ara mi.

Ìyá Ìbejì: Áà! Ẹ kò parí oògùn, ẹ sì ń bínú sí dókítà.

Apòògùn: Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ni, bí yíyún tilẹ̀ dúró. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, nítorí Candida ń gbé lẹ́nu àti nínú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọṣẹ líle yẹn ń bó awọ yín ni.

Adéọlá: Gbogbo wa ti fo ohun kan kọjá. Arábìnrin, kí ni ẹ ń dìde ṣe lóru?

Olùbéèrè: Ìtọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí tí mo fi ń mu omi púpọ̀. Kò kan ọ̀rọ̀ awọ ara mi.

Adéọlá: Ó kàn án gan-an. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, Candida á rí oúnjẹ, agbára tí ara fi ń bá a jà á sì dín kù. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé bàbá mi ní àtọ̀gbẹ nìyẹn, láti ara egbò àárín itan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ó bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni.

Olùbéèrè: Ẹ má pè mí ní alátọ̀gbẹ. N kì í jẹ ohun dídùn. Nínú ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ni ó ní in, àti ìyá mi.

Ìyá Ìbejì: Àti ta ni?

Olùbéèrè (ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà): Mo lọ. 212 ni. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la fún àyẹ̀wò kejì. N kò tíì sọ fún ọkọ mi.