Èkan ti gba oko ẹ̀fọ́ ìyá mi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ oko. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Mọ́níyà, níbi tí ìyá mi ti máa ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n báyìí, igbó sì ti bo gbogbo rẹ̀. Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni mo ráyè.

Ewé Akíntọ́lá kò bà mí lẹ́rù, ó ṣeé fà tu lẹ́yìn òjò. Èkan ni ìṣòro. Bí alágbàṣe bá fi àdá gé e, gbòǹgbò rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, á sì tún hù. Mi ò fẹ́ fín oògùn apakoríko rárá, torí kànga wa ò jìnnà síbẹ̀.

Mo ń rò ó pé kí n fi ọkọ́ tú igun kan péré, kí n ṣa gbòǹgbò ibẹ̀ dànù, kí n sì gbin tẹ̀tẹ̀ kí òjò tó dá. Èyí tó kù ńkọ́? Ṣé kí n fi tapólíìnì àtijọ́ bò ó kí oòrùn má rí i, àbí kí n gbin ẹ̀gúsí kó fà bo ilẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá èkan jà n'Íbàdàn, èwo ló ṣiṣẹ́ fún yín, oṣù mélòó ló sì gbà?