Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ATP

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì l'Adó-Èkìtì, baokẹ́mísírì ni mò ń kà. Sẹ́ẹ̀lì bakitéríà tí kò ní núkílíọ́ọ̀sì àti tiwa tó ní in, ìyẹn ti yé mi. Mo mọ̀ pé sítáàṣì inú iyán ló ń di gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tí ara ń lò (ọmọ Èkìtì ṣá ni mí). ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń rí agbára lò lára rẹ̀, ló dojú rú. Láìsí ọ́síjìn, èrè ATP 2 péré ni gúlúkóòsì kan ń mú wá. Bí ọ́síjìn bá wà, ó ń tó bí 30. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń ru ọ́síjìn kiri, síbẹ̀ kò ní mitochondria (ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn pèsè ATP), èrè 2 yẹn náà ló fi ń gbéra. Kí ló fà á? Ṣé kí n kọ́kọ́ há ìgbésẹ̀ 10 glycolysis (bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fọ́ gúlúkóòsì sí wẹ́wẹ́) sórí ni, àbí ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn yá) ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?