Ṣé ká wa ọkọ̀ kékeré dé Inuvik, àbí ká yà padà ní Tombstone?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Edmonton ní Kánádà lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. Lóṣù kẹjọ, a fẹ́ wakọ̀ gba títì Dempster ní Yukon, ní àríwá Kánádà. Láti ẹ̀gbẹ́ Dawson City dé ìlú Inuvik tó nǹkan bí 740 kìlómítà, òkúta wẹẹrẹ àti erùpẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Òkúta ọ̀hún mú bí abẹ, ó máa ń fa táyà ya. Téèyàn bá ti wọ títì náà, ó di Eagle Plains, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, kó tó tún rí epo rà. Lẹ́yìn ìyẹn, odò Peel àti Mackenzie ṣì wà níwájú, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá.

Ọkọ̀ wa lọ sílẹ̀. Mo wá ọkọ̀ gíga háyà, àwọn tí mo bi ní àwọn ò fẹ́ kó gba ojú òkúta. Mo ti ra táyà tuntun, sípíà méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ìyàwó mi ní ká wo àwọn òkè Tombstone níbẹ̀rẹ̀ títì náà, ká sùn síbẹ̀, ká máa bọ̀ nílé. Èmi ní tèmi, òkun Tuktoyaktuk, tó kọjá Inuvik, ni mò ń lé, látìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ibẹ̀ lọ́dún 2017. (Ẹ má sọ fún un o.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa irú ọkọ̀ báyìí gba ibẹ̀ nígbà òjò, ṣé ká tẹ̀ síwájú, àbí ká gbọ́ tìyàwó mi?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.